Ohùn Mi Lọ, Ojú Mi Kù Sílé

Kò sí ẹni tí kò mọ ohùn mi láti Koko títí dé Savalou. Bí mo bá sín lẹ́yìn ilé, àwọn tó ń kọjá lójú ọ̀nà á ní, "Ìyá Onírú nìyẹn, ó tún fẹ́ wó ògiri." Salamatou ni bàbá mi sọ mí, ṣùgbọ́n ta ló máa pe obìnrin ní Salamatou nígbà tí òórùn irú rẹ̀ ti kí gbogbo èèyàn kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ? Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń se irú nílùú Bantè. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, máa ń sọ pé òun kò tan fìtílà rí láti wá mi nínú yàrá, imú lòun ń tẹ̀lé. Ìdí mi tóbi. Eyín mi ku mẹ́ta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu mi pé. Ẹnu kò rẹ̀ mí rí.

Ẹnu yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo fẹ́ sọ bí Ézéchiel, ọkọ ọmọ-ọmọ mi, ṣe kúrò lágbàlá mi lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ níwájú alùpùpù, tó yẹ kó dé Savalou kí oòrùn tó rọlẹ̀, tí kò sì dé.

Ará Savalou ni Ézéchiel, ọmọ ẹ̀yà Mahi, ti ìjọ aláṣọ funfun. Mùsùlùmí ni àwa. Lọ́jọ́ tí Wassila, ọmọ-ọmọ mi, mú un wá sílé, àwọn ọkùnrin ẹbí wa fajú ro bí ẹni tí wọ́n fún ní ewúro tí a kò fọ̀. Èmi ni mo ní kó wọlé. Mo wò ó láti òkè délẹ̀. Mo ní, "Wassila, ṣé èyí náà lo rí mú? Ó tín-ín-rín bí okùn ìfami. Báwo lo ṣe ń rí i lórí ẹní?"

Ézéchiel dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Yorùbá rẹ̀ máa ń kọsẹ̀ nígbà náà. Ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin sanra, èmi gbẹ. Bí ẹ bá gbà kí n fẹ́ ẹ̀yin méjèèjì, gbogbo rẹ̀ á dọ́gba."

Ẹ̀rín pa mí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sínú ìkòkò. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn ọmọ tí mo fi ikùn mi bí lọ, mo sì sọ ọ́ lójú wọn.

Nílé wa, ẹni tó bá fẹ́ ọmọ wa, olè ni títí ayé. Kò sí ìdána tó lè ṣe tí àwa ìyá àgbà á fi pè é lórúkọ. Gbọ́mọgbọ́mọ là ń pè é. Bó bá ti yọ lọ́nà, a ó figbe ta: "Gbọ́mọgbọ́mọ dé o! Ẹ kó àwọn ọmọbìnrin yín wọlé!" A ó di ṣòkòtò rẹ̀ mú, a ó tú àpò rẹ̀ bóyá ó fi ọmọ kan pa mọ́ síbẹ̀. Òun náà á ṣe bí ẹni tó fẹ́ gbé ìyá àgbà kọ́ èjìká sá lọ. Àna tí a kò bá bú báyìí, kó yáa mọ̀ pé inú wa kò dùn sí i. Ézéchiel mọ̀ ọ́n, ó sì ń ṣe é dáadáa. Ìgbà kan ó gbé mi lóòótọ́. Ó gbé mi tó ìgbésẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀yìn dùn ún fún ọ̀sẹ̀ kan.

Nígbà tí Wassila bí Hanane, mo kọ́ òun náà. Bó ti ń mọ̀rọ̀ sọ ni mo gbé e lé itan. Mo ní, "Hanane, ta ni ọkùnrin yìí?" Á nawọ́ sí bàbá rẹ̀, á ní, "Gbọ́mọgbọ́mọ ni!" Gbogbo agbolé á bú sẹ́rìn-ín, èmi á sì fi kúlíkúlí kan sí i lọ́wọ́. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ pé ohun tó ń mú kúlíkúlí jáde nìyẹn. Bó bá ti sọ ọ́ tán, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, á máa wojú mi.

Ézéchiel náà ló fún mi ní pọ́tábù, fóònù tí à ń mú kiri. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn ní Savalou, ó ń tún pọ́tábù ṣe. Ó kó èyí tí ẹnì kan kò wá gbà mọ́ wá fún mi, ó jókòó tì mí lórí ẹní, ó ń kọ́ mi. "Ẹ tẹ ibí yìí, Ìyá. Ẹ dì í mú. Ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ wá jọ̀wọ́ rẹ̀, á lọ fúnra rẹ̀."

Mo ní, "Kí n dì í mú bí kí ni?"

Ó ní, "Bí ọmọ ṣe ń di ọmú mú."

"Ọmú tèmi ti wà ní ìdodo. N kò rántí mọ́."

N kò mọ̀wé, torí náà àwòrán ni mo fi ń mọ ibi tí ohùn mi ń lọ. Gúrúpù méjì péré ló wà nínú Wásáàpù mi. Ti ẹbí wa, Ézéchiel fi àwòrán Hanane síwájú rẹ̀, ojú ọmọ kékeré nínú aṣọ yẹ́lò. Ìkejì jẹ́ ti ààbò ìlú, àwòrán tọ́ọ̀ṣì ńlá kan ló wà níbẹ̀. Ọmọ, ẹbí. Tọ́ọ̀ṣì, ìlú. Àní orí bíi tèmi lè gba ìyẹn dúró.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ti ìlú yẹn. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, bí o bá fẹ́ ké olè, ẹsẹ̀ rẹ lo máa fi sáré, ojú rẹ sì ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Wọ́n á ní, "Níbo? Ìwọ lo rí i, àbí wọ́n sọ fún ọ? Mí ná." Kí o tó mí tán, ọ̀rọ̀ á ti di pé ewúrẹ́ lo rí. Nísinsìnyí ọ̀dà ti dé gbogbo ọ̀nà, ọkọ̀ ń kọjá láti ibi tí a kò mọ̀ lọ sí ibi tí a kò mọ̀. Àwọn ọmọ wa ti fọ́n ká sí Cotonou àti Nàìjíríà, àwọn àlejò ló ń gba yàrá wọn. Lójoojúmọ́ ni pọ́tábù ń sọ pé wọ́n ti gbé ọmọ. Níbo? Níbì kan. Ọmọ ta? Ọmọ ẹnì kan. Ọdún yẹn wọ́n ní ọmọ méje ti sọnù lágbègbè wa. A ka àwọn ọmọ wa, wọ́n pé, síbẹ̀ àyà wa ń já.

Bẹ́ẹ̀ ni Zoubérou, tó ń tún alùpùpù ṣe nítòsí ọjà, ṣe dá gúrúpù náà sílẹ̀. Ó pè é ní Ẹ Ṣọ́ Ọmọ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan láti ilé kọ̀ọ̀kan. Nílé wa, èmi ni wọ́n fi sí i, torí pé ilé mi kọjú sí ọ̀nà Savalou, ìdí mi kì í sì í kúrò lórí àpótí. Inú mi dùn débi pé mo wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó bá ti darúgbó, ta ló tún ń bi í pé kí lo rí? Láàárín oṣù mẹ́ta, gúrúpù náà ti kún. Àwọn ará Bobè wọ̀ ọ́, àwọn ará Atokoligbé wọ̀ ọ́, àwọn abúlé tó wà lójú ọ̀nà títí dé Savalou wọ̀ ọ́, àwọn Mahi tí kò gbọ́ èdè wa rárá, tí ẹnì kan nínú wọn á máa túmọ̀ fún ìyókù.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, Zoubérou yọ àwòrán tọ́ọ̀ṣì kúrò. Ó fi àwòrán ọmọ síbẹ̀, ọmọ kékeré kan tó wọ aṣọ yẹ́lò, pẹ̀lú ìwé kíkọ lábẹ́ rẹ̀. Nafissath, ọmọ-ọmọ mi tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, sọ ọ́ fún mi. "Ìyá àgbà, wọ́n ti pààrọ̀ àwòrán gúrúpù ìlú o. Ti ìsàlẹ̀ ni tiwa báyìí." Mo ń fi ẹsẹ̀ tẹ irú lọ́wọ́, mò ń kọrin. Mo ní mo ti gbọ́.

N kò gbọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, ìsinmi ilé-ìwé ti parí. Hanane ti lo oṣù méjì lọ́dọ̀ mi, ó ti sanra, ó ń rùn bí èmi. Ézéchiel wá ṣe ìsìn ní ìjọ wọn tó wà ní Bantè, ó ní láti ibẹ̀ lòun á ti wá gbé ọmọ. Ó dé pẹ̀lú aṣọ ìsìn lọ́rùn, funfun báláú, láìwọ bàtà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, lórí alùpùpù rẹ̀ pupa. Mo ti gúnyán sílẹ̀ dè é. Ó jẹ ẹ́ títí ó fi lá ọwọ́.

Nígbà tó di pé kí wọ́n lọ, Hanane di ìró mi mú. "Mi ò lọ! Mi ò lọ! Ọ̀dọ̀ Ìyá àgbà ni mo wà!"

Ézéchiel ní, "Wò ó, ìyá rẹ ń dúró dè ọ́. Ó ti ra báàgì ilé-ìwé."

"Mi ò fẹ́ báàgì!"

Ó gbé e síwájú alùpùpù, ọmọ ń ké, ó ń ta ẹsẹ̀. Inú èmi náà bàjẹ́ díẹ̀, ẹ má wo ẹnu mi. Bí inú mi bá sì bàjẹ́, àpárá ni mo máa ń dá. Mo fa pọ́tábù yọ láti àyà mi. Mo fẹ́ kí Wassila gbọ́ ní Savalou pé ọkọ rẹ̀ ti ń bọ̀. Mo wá ojú ọmọ nínú aṣọ yẹ́lò, mo rí i lókè pátápátá, mo tẹ̀ ẹ́, mo dì í mú, mo lanu:

"Ẹ gbà mí o! Gbọ́mọgbọ́mọ ti gbé Hanane! Aláṣọ funfun ni, kò wọ bàtà, alùpùpù pupa ló gùn, ọ̀nà Savalou ló kọjú sí! Ẹ dá a dúró! Ẹ bọ́ ṣòkòtò rẹ̀, kí ẹ gba nǹkan tó wà níbẹ̀, ó pẹ́ tó ti ń fi dààmú ọmọ wa!"

Ká ní ẹ rí mi! Mo yọ ahọ́n, mo fi ìdí jó, mo gbá a lẹ́ẹ̀mejì, pá, pá. Ézéchiel rẹ́rìn-ín títí ó fi dorí kodò lórí ọwọ́ alùpùpù. Ó ní, "Ìyàwó mi àgbà, ẹ má pariwo mọ́, èmi á padà wá gbé ẹ̀yin náà lọ́jọ́ Sátidé." Ó fi ẹsẹ̀ ta alùpùpù, ó lọ. Hanane ṣì ń ké.

Mo jọ̀wọ́ pọ́tábù. Ohùn mi lọ. Ojú mi kù sílé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó wà níbẹ̀, nígbà tí ọ̀gá ọlọ́pàá ń bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Bantè, gbogbo ẹni tó gbọ́ ohùn náà mọ̀ pé èmi ni, wọ́n mọ̀ pé àna mi ni mò ń bú. Zoubérou wà lábẹ́ alùpùpù ẹnì kan, ó gbọ́ ọ, ó rẹ́rìn-ín, kò tilẹ̀ nu ọwọ́. Ó fi ojú yẹ́lò kékeré yẹn ránṣẹ́, èyí tó ń rẹ́rìn-ín tí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn mìíràn ṣe bíi tirẹ̀. Ogún ojú, ọgbọ̀n ojú. Kò sí ẹnì kan tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé eré ni. Ta ló máa ń kọ ọ́ pé eré ni?

Àwọn ará abúlé tó kù díẹ̀ kéèyàn dé Savalou wo àwọn ojú wọ̀nyẹn. Omi ni wọ́n rí. Wọ́n ní, "Ẹ wò ó, gbogbo Bantè ló ń sunkún." Wọ́n túmọ̀ ohùn mi sí èdè Mahi, ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ kò fi ìdí jó. Wọ́n wọ́ igi dí ọ̀nà.

Ézéchiel dúró fún wọn. Kí ló fẹ́ sá fún? Èdè tirẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Ó ní ọmọ òun ni, orúkọ rẹ̀ ni Hanane, ilé ìyá àgbà rẹ̀ lòun ti ń bọ̀. Àwọn kan fẹ́ gbà á gbọ́. Obìnrin kan tó ń ta epo sínú ìgò ní, "Ọmọ ńlá ni, ẹ bi í." Wọ́n gbé Hanane sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n wá ẹni tó gbọ́ èdè wa. Ẹni yẹn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀, ó fohùn jẹ́jẹ́. Ó ṣí pọ́tábù, ó jẹ́ kó gbọ́ ohùn mi. Ó ní, "Ta ló ń sọ̀rọ̀ yìí?"

Hanane nu ojú. Inú rẹ̀ dùn. "Ìyá àgbà mi ni!"

"Ta wá ni ọkùnrin yìí?"

Ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó rí àwọn èèyàn tó yí i ká, gbogbo wọn ń wo ẹnu rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí agbolé wa ṣe máa ń wò ó. Ó nawọ́ sí bàbá rẹ̀.

"Gbọ́mọgbọ́mọ ni!"

Ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, ó ń retí kúlíkúlí.

Èmi ńkọ́ nígbà yẹn? Mo jókòó sórí àpótí mi, mo na ẹsẹ̀, mò ń mu omi ata ilẹ̀. Pọ́tábù dún. Fídíò. Mo ṣí i. Eruku ni, ẹ̀yìn àwọn ọkùnrin, igi tó ń lọ sókè tó ń bọ̀ nílẹ̀. Láàárín ẹsẹ̀ wọn, ẹnì kan wà nílẹ̀ tí wọ́n ti bọ́ ṣòkòtò rẹ̀, tó yí aṣọ pupa mọ́ra. Pupa ni mo rí. Ojú mi kò ríran jìnnà mọ́, ẹ̀jẹ̀ sì ti bo aṣọ náà tán. Ohùn kan ní ká gbọ́ o, wọ́n ti mú gbọ́mọgbọ́mọ.

Mo ti ń gbọ́ nípa àwọn èèyàn yẹn fún ọdún kan, n kò rí ọ̀kan rí. Mo ronú nípa Hanane lójú ọ̀nà. Mo ní Ọlọ́run ṣeun, wọ́n ti mú un kó tó pàdé ọmọ mi. Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Kí n má purọ́ fún yín, ó dùn mọ́ mi. Ó dùn mọ́ mi bí ìgbà tí mo wà lọ́mọge tí ọkùnrin méjì ń jà nítorí mi. Mo wá ojú ọmọ nínú aṣọ yẹ́lò tí fídíò náà ti wá, mo dì í mú. Lọ́tẹ̀ yìí n kò jó, n kò yọ ahọ́n. Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn:

"Ẹ kú iṣẹ́! Ẹ nà án dáadáa! Ẹ má jẹ́ kó lọ, ẹ má fi í lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ o, wọ́n á tú u sílẹ̀. Ẹ pa á! Ọlọ́run á san án fún yín."

Wọ́n ní àwọn kan ti ń sọ níbẹ̀ pé ó tó, ká pe ọlọ́pàá. Nígbà náà ni ohùn mi dé. Ẹni tó ni pọ́tábù gbé e sókè, ó jẹ́ kó sọ̀rọ̀ gbàgà-gbàgà. "Ìyá tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ nìyí! Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí ẹ má jẹ́ kó lọ!"

Ézéchiel gbọ́ ọ. Obìnrin tó ń ta epo ló sọ ìyẹn. Ó ní ọkùnrin náà gbé orí sókè, ó ń wá ibi tí ohùn ti ń bọ̀, ojú rẹ̀ kò ṣí mọ́. Ó ní ó sọ̀rọ̀, ní èdè wa, òun sì ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún òun.

Ó ní, "Ìyá, eré ti tó."

Lẹ́yìn náà ni wọ́n parí rẹ̀.

Nafissath ti ibi tó ti lọ dirun dé, ìlàjì orí rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti dì. Ó gba pọ́tábù lọ́wọ́ mi. Ó wo fídíò náà, ó dá a dúró, ó fi ìka méjì fa àwòrán náà tóbi. Alùpùpù kan wà nínú igbó lẹ́yìn àwọn ọkùnrin náà. Pupa.

"Ìyá àgbà," ó ní, "gúrúpù wo lẹ fi ohùn yín sí?"

Mo ní, "Ti ọmọ."

"Ọmọ wo?"

Ó fi hàn mí. Àwọn ọmọ méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, aṣọ yẹ́lò lọ́rùn àwọn méjèèjì. Mo wò wọ́n títí. A pe Ézéchiel. Ẹnì kan gbé pọ́tábù rẹ̀, ó ń mí sínú rẹ̀, ó sì pa ìpè náà.

Nafissath padà sí gúrúpù náà. Ó tẹ ohùn kejì yẹn mọ́lẹ̀ títí, ó pa á rẹ́ fún gbogbo èèyàn. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Ó gbọn orí rẹ̀ tí wọ́n kò dì tán, ó ní, "Kò sí níbẹ̀ mọ́, Ìyá àgbà. Ẹ kò sọ ọ́."

Mo sì gbà pé n kò sọ ọ́.

Àwọn ọlọ́pàá mú Hanane lọ fún ìyá rẹ̀, wọ́n sì mú ọkùnrin mẹ́rin ní abúlé yẹn. Wọ́n mú Zoubérou náà, ó ń sunkún, ó ní, "Mo mọ̀ pé eré ni! Gbogbo èèyàn ló mọ̀!" Wọ́n ní bó bá mọ̀, kí ló dé tí kò sọ? Ó wà lẹ́wọ̀n títí di òní. Wọ́n pe èmi náà. Ọ̀gá wọn kì í ṣe ará ibí. Ó jẹ́ kí n gbọ́ ohùn àkọ́kọ́, ó ní, "Mama, ọkọ ọmọ yín lẹ ń pè ní gbọ́mọgbọ́mọ?" Àwọn àgbà ìlú ló dá a lóhùn. Wọ́n ṣàlàyé bí a ṣe ń bú àna, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ jó ijó ìdí mi fún un. Ọ̀gá náà fi ọwọ́ bo ojú. Ó ní kí wọ́n mú mi relé, kí wọ́n gba pọ́tábù lọ́wọ́ mi.

Wassila náà wá. Ó dì mọ́ mi lọ́rùn. "Mo mọ̀ pé eré ni, Ìyá àgbà. Ó fẹ́ràn yín. Bó bá wà láàyè, òun ló máa kọ́kọ́ sọ pé kí n má bínú sí yín." Mo sunkún lórí èjìká rẹ̀. Mo gba ìdáríjì náà, mo gbé e mì bí ẹni gbé iyán mì, n kò ní kí ó dúró ná. Fún ogójì ọjọ́, àwọn èèyàn ń wá kí mi, wọ́n ń ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, eré ni, kì í ṣe ẹ̀bi yín." Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Kí ni mo lè ṣe? Inú mi tóbi, ó ń fẹ́.

Wassila ti ń dúró sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀. Ó ti kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kan ẹnì kan gbé pọ́tábù wá tí ojú rẹ̀ fọ́, ó ní kó bá òun pààrọ̀ rẹ̀. Ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ohùn rẹ̀ ń jáde dáadáa, ó tẹ ohùn kan tó rí níbẹ̀. Ẹni tó ni ín ti gbé e pamọ́ kí Nafissath tó pa á rẹ́. Ará abúlé yẹn ni.

Wassila dé ọ̀dọ̀ mi lọ́jọ́ kejì, lọ́sàn-án, pẹ̀lú Hanane lọ́wọ́. Mo ń tẹ irú. Mo na ọwọ́ sí wọn. Kò wá sí ọwọ́ mi. Ó fa pọ́tábù kan yọ, ó gbé e lé orí ọmọrí ìkòkò mi, ó tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́! Ẹ nà án dáadáa..."

Ó jẹ́ kó sọ̀rọ̀ títí dé òpin. Ohùn tó dára ni. Ó mọ́, ó lágbára, kò wárìrì rárá.

"Ìyá àgbà," Wassila ní, "ti àkọ́kọ́, eré ni. Èyí ńkọ́? Ta lẹ ń bá ṣeré?"

"N kò mọ̀ pé òun ni, Wassila. Mo fi Ọlọ́run búra, n kò mọ̀ pé òun ni."

"Bí kì í bá ṣe òun ńkọ́?"

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ irú.

"Mo ní, bí kì í bá ṣe òun ńkọ́? Bó bá jẹ́ ọkọ ẹlòmíràn, ẹ ò bá ti sùn dáadáa?"

Mo wá èsì nínú ara mi. Gbogbo ọjọ́ ayé mi, ẹnu mi kò gbẹ rí. Ọkọ mi kú, mo dá àpárá lẹ́bàá sàréè rẹ̀. Eyín mi ń bọ́, mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo lanu kí n sọ ohunkóhun, ohun tó jáde sì ni ẹ̀rín. Ẹ̀rín mi gan-an, èyí tí gbogbo ọ̀nà Savalou mọ̀, láti ìsàlẹ̀ ikùn wá. Mo fẹ́ dá a dúró, kò dúró. Ó ń mì mí. Omi ń dà lójú mi wọ inú ẹnu mi, ó ń kán sínú irú, mo di àyà mú, mo ń wo Wassila kó lè rí ojú mi, kó lè rí i pé ẹkún ni.

Ó rí i. Ó wo ojú mi dáadáa. Nígbà náà ni mo rí i pé àtàǹpàkò rẹ̀ wà lórí pọ́tábù tirẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó dì í mú, bí ọkọ rẹ̀ ṣe kọ́ mi.

Ó ní, "Ìyá Onírú nìyí, tí mo bi í nípa ikú ọkọ mi."

Ó jọ̀wọ́ rẹ̀.

Hanane ti ń wò wá láti ìgbà tí ohùn mi ti jáde nínú pọ́tábù. Ó ti mọ ohun tó kàn. Ó wá síwájú mi, ó gbé ojú sókè, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Wassila gbá ọwọ́ náà nù, ó fà á lọ.

Wọn kò tú gúrúpù Ẹ Ṣọ́ Ọmọ ká, ó ti di ẹgbẹ̀rún èèyàn. Mo wà lórí ìdúró, irú bo ẹsẹ̀ mi. Mo gbọ́ tí pọ́tábù kan dún nílé kejì. Lẹ́yìn náà òmíràn, lódìkejì ọ̀nà. Lẹ́yìn náà àwọn tó wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún alùpùpù ṣe. Láti ilé dé ilé, mo ń gbọ́ ara mi, mo ń rẹ́rìn-ín.